Láti Ọ̀fun Dé Gbólóhùn: Bí A Ṣe Ń Ṣẹ̀dá Èdè fún Àwọn Ẹ̀dá Inú Ìtàn Àròsọ

Alága ìjókòó òní, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùkọ́ èdè, ẹ̀yin òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àfarabalẹ̀. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí n tó la ẹnu, nítorí pé ọ̀rọ̀ òní jẹ mọ́ ẹnu fúnra rẹ̀: ẹnu, ahọ́n, ọ̀fun, àti ohun tí ń tibẹ̀ jáde tí a ń pè ní èdè.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń dá èdè sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀dá tí wọn kì í ṣe ènìyàn, àwọn tí òǹkọ̀wé fi ọkàn ara rẹ̀ dá, tó fún ní ìyẹ́ tàbí ìpẹ́, tó sì fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Àwọn kan lè rò pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n mo bi yín: ta ni ó lè kọ́ ilé láti ìpìlẹ̀ láìmọ ohun tó gbé ilé dúró? Ẹni tó bá fẹ́ dá èdè sílẹ̀ ní láti wo àwọn ohun tí ẹni tí ń sọ èdè ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ kì í wò rárá, nítorí pé wọ́n ti mọ́ ọn lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, tí mo sì ń rọ àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Kókó tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ara ẹ̀dá ni kí ó pinnu ìró èdè rẹ̀, ìgbé ayé rẹ̀ ni kí ó sì pinnu gírámà rẹ̀. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Bí ìró bá bá ara mu tí gírámà kò sì bá ìgbé ayé mu, èdè ènìyàn náà ni a gbé agọ̀ wọ̀.

Ọ̀RỌ̀ LÁSÁN KÌ Í ṢE ÈDÈ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí a bá ti kó ọ̀rọ̀ tuntun jọ, a ti ní èdè tuntun. Hildegard, obìnrin ọlọ́gbọ́n tó gbé ayé ìsìn ní ilẹ̀ Jámánì láàárín ọdún 1098 sí 1179, ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ó sì pe àkójọ náà ní Lingua Ignota. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ ẹni tó ní ìfẹ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó to àwọn ọ̀rọ̀ náà láti orí Ọlọ́run àti àwọn áńgẹ́lì wá sí orí ènìyàn, títí dé orí igi, ẹyẹ àti kòkòrò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-orúkọ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún gbogbo rẹ̀. Ibi tí ó ti lo díẹ̀ nínú wọn nínú gbólóhùn, gírámà Látìnì ni ó fi so wọ́n pọ̀. Orúkọ yàtọ̀, ìrònú kò yàtọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹ̀dá inú ìtàn wa ní ìrònú tirẹ̀, a kò lè dúró síbẹ̀.

Ẹ wo òdìkejì rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń ṣe fíìmù bẹ Marc Okrand ní iṣẹ́ láti ṣe èdè Klingon, èdè àwọn ẹ̀dá kan láti ayé mìíràn, fún fíìmù kan tó jáde ní ọdún 1984, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni, ó sì ti kọ́ nípa èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ní California. Ó mọ ohun tó wọ́pọ̀ nínú èdè ènìyàn, nítorí náà ó mọ ibi tí yóò ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Nínú èdè tiwa, a máa ń sọ pé "Ọdẹ rí ẹranko": olùwà ló ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e, àbọ̀ ló kẹ́yìn. Nínú Klingon, àbọ̀ ló ń ṣáájú, olùwà ló ń kẹ́yìn. Bí ẹni ń sọ pé "Ẹranko rí ọdẹ", ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọdẹ náà ló ń wo ẹranko. Ìtò yìí ṣọ̀wọ́n gan-an láyé. Èdè Hixkaryana ní ilẹ̀ Brazil wà lára ìwọ̀nba èdè tó ń lò ó. Okrand ṣe bákan náà pẹ̀lú ìró. Kò sí ìró kan nínú Klingon tí kò sí nínú èdè ènìyàn kan níbì kan. Ohun tó ṣàjèjì ni pé wọ́n pàdé ara wọn nínú èdè kan ṣoṣo. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn: a lè mú àjèjì jáde láti inú ohun tó ti wà, bí a bá mọ ohun tó ti wà.

ÌRÓ: ẸNU TA NI Ó SỌ Ọ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a wọ inú ìró lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé àfọwọ́kọ kan wá fún mi rí. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ní ìyẹ́, wọ́n ní àgógó líle bíi ti àṣá, ó sì júwe wọn dáadáa. Orúkọ olórí wọn ni Gbambufo. Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ètè wo ni ó fi pe orúkọ ara rẹ̀?" Ó dákẹ́, ó fi ọwọ́ kan ètè tirẹ̀, ó pe orúkọ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ bá wa ṣe ìṣirò náà. Èdè Yorùbá ní kọ́ńsónáǹtì méjìdínlógún. Bí a bá gba ètè lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, àfèjì-ètè-pè b àti m lọ. Afeyínfètèpè f lọ. Gb, p àti w, tí a ń fi àfàsé (ẹ̀yìn àjà ẹnu) àti ètè pè pọ̀, lọ pẹ̀lú. Méjìlá ló kù. Ẹ wá wo fáwẹ̀lì: u, o àti ọ jẹ́ fáwẹ̀lì roboto, ètè ló ń ká wọn jọ. Ibi tí kò sí ètè, kò sí roboto. Fáwẹ̀lì perese i, e, ẹ àti a nìkan ló kù nínú fáwẹ̀lì àìránmúpè. Ẹ rí i pé a kò tíì hùmọ̀ ohunkóhun, àyọkúrò lásán ni a ṣe, síbẹ̀ èdè náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní adùn tirẹ̀ lẹ́nu: Kẹrita, hari, lidẹ, yẹga. Orúkọ tí mo fún àwọn ẹ̀dá náà àti èdè wọn nìyẹn, Kẹrita, n ó sì máa lò wọ́n títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí.

Ṣé èdè lè dúró láìní b, m àti p? Ó lè dúró. Èdè Mohawk ní Àríwá Amẹ́ríkà kò ní wọn nínú àwọn ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ènìyàn tó ní ètè ló sì ń sọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù pé bí òun bá yọ ìró kan kúrò, èdè òun yóò wó.

Àyọkúrò nìkan kọ́, a tún lè fi kún un. Nígbà tí a bá pòṣé, à ń fi ahọ́n fa èémí wọlé, ìró kan sì ń jáde tí a kò kà mọ́ kọ́ńsónáǹtì. Ní gúúsù Áfíríkà, nínú èdè Xhosa àti Zulu, ìró tó súnmọ́ irú èyí wà láàárín ọ̀rọ̀, kọ́ńsónáǹtì gidi ni wọ́n. Nínú èdè Na'vi tí Paul Frommer ṣe fún fíìmù kan tó jáde ní ọdún 2009, kò sí asénupè akùnyùn, ìró tí a ń sé èémí pè tí ọ̀fun sì ń kùn, bíi b, d àti g rárá. Dípò wọn, ó mú àwọn asénupè kan wọlé tí a ń fi gbígbé gògóńgò sókè tì jáde, láìlo èémí ẹ̀dọ̀fóró. Irú wọn wà nínú ọ̀pọ̀ èdè Amẹ́ríkà àti ti àwọn òkè Caucasus. Ẹ rántí pé àwọn òṣèré ni yóò sọ Klingon àti Na'vi, nítorí náà ohun tí ẹnu ènìyàn lè ṣe ni ààlà wọn. Òǹkọ̀wé tí èdè rẹ̀ kò ní kúrò lórí ìwé ní òmìnira tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín yóò ti máa bi ara rẹ̀ pé: odídẹrẹ́ ńkọ́? Odídẹrẹ́ kò ní ètè, ó sì ń sọ "baba" tí gbogbo wa ń gbọ́. Ìbéèrè rere ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ odídẹrẹ́, nítorí pé òun ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ohùn ẹyẹ kò ti gògóńgò jáde bíi tiwa. Ohun èlò ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kòmóòkun, níbi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Odídẹrẹ́ ń fi ohun èlò yẹn àti ahọ́n rẹ̀ fara wé ìró wa ni, kò pe b bí a ti ń pè é. Nítorí pé ọ̀nà náà sì jẹ́ méjì, àwọn ẹyẹ olórin kan lè kọ ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti apá ọ̀tún, ọ̀kan láti apá òsì. Ẹyẹ gidi ni mo ń wí o, kì í ṣe ti inú ìtàn.

Ẹ gbọ́ ohun tí èyí fún òǹkọ̀wé. Ẹ̀dá tó lè sọ ohun méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà! Ní Kẹrita, ohùn ìsàlẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀. Ohùn òkè lè ròkè, ó lè rẹlẹ̀, ó sì lè dákẹ́. Àwa tí à ń ka èdè olóhùn mọ bí a ó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀: a ó fi àmì sórí fáwẹ̀lì. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ ohùn òkè yìí? Bí a kò bá fún un ní iṣẹ́, ariwo ni. Ibí ni ìró ti fi ọ̀rọ̀ lé gírámà lọ́wọ́.

GÍRÁMÀ: KÍ NI Ẹ̀DÁ YÌÍ KÒ LÈ ṢE KÓ MÁ SỌ?

Onírúurú èdè ló lè sọ onírúurú ọ̀rọ̀. Ohun tó ya èdè kan sọ́tọ̀ ni ohun tó fi dandan lé ẹni tí ń sọ ọ́. Ẹni tí ń sọ èdè àwọn ará Turkey kò kàn lè sọ pé ẹnìkan wá, kó sì dákẹ́ síbẹ̀. Bí ó bá ṣojú rẹ̀, geldi ni yóò sọ; bí ó bá gbọ́ ọ ni tàbí tó rí àmì rẹ̀, gelmiş ni. Èdè Tuyuca, ní ààlà Colombia àti Brazil, pín ẹ̀rí sí ọ̀nà márùn-ún, ọ̀rọ̀-ìṣe sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú wọn. Àwọn àgbà wa sọ pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Àwa fi í ṣe òwe. Àwọn ará Tuyuca fi í ṣe gírámà.

Ẹ̀dá tí ń fò lókè ń rí ohun púpọ̀ tí ẹlòmíràn kò rí, ó sì ń ké e sọ fún agbo tó wà lọ́nà jíjìn. Ayé àti ikú agbo wà lọ́wọ́ òtítọ́ igbe náà. Ṣé kò tọ́ kí èdè irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ máa bi olùsọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà pé, "Báwo ni o ṣe mọ̀?" Iṣẹ́ ohùn òkè nìyẹn. Tákí: ó bà sílẹ̀, ó sì ṣojú mi. Tàkì: ó bà sílẹ̀, mo rí ipasẹ̀ rẹ̀. Taki, tí ohùn òkè dákẹ́: ó bà sílẹ̀, wọ́n ní bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀rí ẹ̀rí kò gba àfikún ọ̀rọ̀ kankan, kò sì gba àkókò, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun kejì ló ń gbé e.

Àfòmọ́ ìparí ló ń sọ bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Taki ti ṣẹlẹ̀. Taka kò tíì ṣẹlẹ̀. Níhìn-ín, gírámà fúnra rẹ̀ kọ ohun kan tí n kò kọ́kọ́ gbèrò. Ènìyàn lè sọ taka, pé wọ́n ní yóò bà. Ó lè sọ tàkà, pé àmì fi hàn pé yóò bà. Ṣùgbọ́n ta ni ó fojú rí ọ̀la? Táká kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àfi aríran tàbí òpùrọ́. Bí òǹkàwé bá ti mọ òfin yìí, tí àlejò kan sì wọ inú agbo tó ń sọ táká pẹ̀lú ìdánilójú, òǹkọ̀wé kò nílò láti kọ pé ẹ̀rù ba gbogbo agbo.

Ní ti ìtò gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣáájú. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé ìparí igbe lọ, nítorí náà ohun tó ṣe pàtàkì jù ni a kọ́kọ́ ń sọ: Tákí hari yẹga, "Agbo bà sí ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, mo rí i." Èdè Welsh àti Lárúbáwá àtijọ́ náà ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáájú, kì í ṣe ohun tuntun. Yẹga ni ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, lidẹ ni ìhà ibi tó ń lọ. Kò sí ọ̀tún, kò sí òsì. Àwọn tí ń sọ Guugu Yimithirr ní ìhà àríwá Queensland ní Australia kò fi ọ̀tún àti òsì júwe ibi tí nǹkan wà. Àríwá, gúúsù, ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń lò, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ nǹkan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ ronú bí ọkàn ẹni náà ti gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ayé tó yí i ká nígbà gbogbo kó tó lè sọ gbólóhùn kan.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ohun kan hàn yín lórí ẹyọ àti ọ̀pọ̀. Ọ̀pọ̀ èdè máa ń mú ẹyọ bí ìpìlẹ̀, wọn a wá fi atọ́ka kún un kí ó tó di ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú Welsh, adar ni àwọn ẹyẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ ẹyẹ kan ṣoṣo ni yóò fi àfòmọ́ kún un, tí yóò di aderyn. Agbo ni ìpìlẹ̀, ẹyọ ni àfikún. Mo gbé ìlànà yìí fún Kẹrita lódindi. Hari ni agbo. Harini ni ẹnìkan tó yà kúrò nínú agbo. Nínú irú èdè bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ "èmi nìkan" láìfi nǹkan kún ọ̀rọ̀.

Ní ti òǹkà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ẹ ka ìka wọn. Ìka mẹ́rin ni àwọn Na'vi ní lọ́wọ́ kan, mẹ́jọ ni ìpìlẹ̀ òǹkà wọn, gẹ́gẹ́ bí ogún ti jẹ́ ìpìlẹ̀ fún tiwa.

ÀKÍSÀ ÈDÈ

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ fetí sí mi dáadáa níhìn-ín, nítorí pé ibí ni ọ̀pọ̀ èdè àtọwọ́dá ti ń kú. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èdè tí a ṣe lánàá lè ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ó lè ní òfin tó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n níbo ni àkísà rẹ̀ wà? Níbo ni ọ̀rọ̀ tó kọ òfin wà, níbo ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà nìkan ń pè bó ti wà tẹ́lẹ̀?

Ohun tó mú kí Quenya àti Sindarin, èdè méjì tí Tolkien, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ará England, ṣe, dà bí èdè alààyè ni pé ó fún wọn ní ìyá kan náà. Ó nífẹ̀ẹ́ èdè Finland, ó sì nífẹ̀ẹ́ Welsh, adùn èdè méjèèjì sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n kò kàn kó ìró jọ. Ó kọ bí ìró èdè ìyá náà ṣe yí padà lọ́nà kan fún àwọn ọmọ kan, àti lọ́nà mìíràn fún àwọn ọmọ yòókù. Bí èdè ènìyàn ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. K tí àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ń pè yí padà níwájú i àti e lẹ́nu àwọn ará Ítálì, nítorí náà amico, "ọ̀rẹ́", ní k, ṣùgbọ́n amici, "àwọn ọ̀rẹ́", kò ní ìró k náà mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún Kẹrita. Àwọn tó sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe k bíi s níwájú i. Taki di tasi. Taka kò yí padà, nítorí pé a ló wà níbẹ̀. Lójijì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ti ní ojú méjì, tasi àti taka, ọmọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó bá gbọ́ tí ará òkè pe taki, yóò rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ àtijọ́ ni, nítorí pé inú ẹ̀bẹ̀ nìkan ni ó ti gbọ́ ọ rí. Òfin ìró kan ṣoṣo ni mo fi sí i, ó sì bí àṣìgbọ́ láàárín ẹ̀yà méjì.

Okrand pàápàá rí irú èyí. Nígbà tí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ Klingon pè, tí olùdarí fíìmù sì fẹ́ràn bó ṣe ṣe é, ó máa ń tún èdè náà ṣe kó lè gba àṣìpè náà wọlé. Ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní ọdún 1985, àwọn ènìyàn sì ń kọ́ ọ títí di òní.

IBI TÍ ÌTÀN TI Ń JÁDE NÍNÚ GÍRÁMÀ

N ó fẹ́ kí ẹ bá mi wo ohun kan sí i kí n tó jókòó. Àwọn kan máa ń bi mí pé, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gbogbo làálàá yìí, gbólóhùn mélòó ni òǹkàwé yóò rí nínú ìwé? Ó lè má ju mẹ́wàá lọ. Kò sì yẹ kí ó pọ̀, nítorí pé òǹkàwé kò wá kọ́ Kẹrita. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé tó mọ gírámà ẹ̀dá rẹ̀ yóò rí ìtàn tí ẹlòmíràn kò lè rí.

Ẹ gbé ọmọ Kẹrita kan yẹ̀ wò. Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti là, ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun kejì kò tíì gbó, ohùn òkè kò tíì dé. Ohun gbogbo tó bá sọ ló ń jáde láìní àmì, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn tí kò ní àmì ni ti ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ yìí nìkan ló jí, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ọ̀tá tó bà sí yẹga. Ó sáré lọ bá àwọn àgbà, ó ké e pé taki, taki. Àwọn àgbà bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ?" Ó ní kò sí ẹni tó sọ fún òun. Wọ́n tún bi í. Kò sí gbólóhùn kan nínú èdè rẹ̀ tí ọ̀fun rẹ̀ lè fi sọ pé ó ṣojú òun.

Kí ni ọmọ náà yóò ṣe? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti ń kọ ìdáhùn tirẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà kọ tiyín. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi, mo sì ti ṣetán fún àwọn ìbéèrè yín.